Olè Tí Kò Lóòórùn

Ní Kiṣináù, ní àjà kẹta ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan,
Axenia ń se síńkì lóru.
Ìléru rẹ̀ kò tóbi ju páálí bàtà lọ,
àmọ́ ooru inú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ yóò ṣí fìlà fún un.
Síńkì yọ́, ó di kùrukùru, ó gbéra,
ó pàdé ọ́síjìn lójú ọ̀nà,
àwọn méjèèjì mulẹ̀,
wọ́n balẹ̀ sórí àwo, funfun, lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ má pè é ní ẹfun.
Ẹ yọjú wò ó nínú maikirosíkóòpù:
igbó ẹ̀gún ni,
ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan na ẹsẹ̀ mẹ́rin síta
bí ọmọdé tó sùn gbalaja lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.
Bí a bá to mẹ́wàá wọn ní ìbú,
wọn ò tíì kún fọ́nrán irun kan.

Kí ni obìnrin ń fi igbó tí ojú ò rí ṣe?

Ẹ bi ìyá rẹ̀ àgbà, Profira,
tó ń gbé lábúlé létí odò Nísítírù.
Lọ́dún tí yìnyín bo ilẹ̀ dé orúnkún,
Ilarion, àbúrò Axenia, lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀.
Wọ́n ko èédú sínú sítóòfù alámọ̀,
wọ́n sì ti ihò èéfín pa,
kí ooru má baà bá ibẹ̀ sá lọ.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà.
Àwọn àgbà kò mọ èyí tí kì í rú.
Kò ta ojú, kò ta imú,
ajá kò gbó o.
Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
ó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ó ń ṣẹ́ èémí rẹ̀ kù, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń bu iyọ̀ nínú ìgò olówó.

Ìtọ̀ ló gbẹ̀mí ìyá àgbà là.
Ó dìde jáde lóru, orí rẹ̀ ń yí, ó ṣubú sínú yìnyín,
afẹ́fẹ́ tútù sì jí i.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú: "Ìtọ̀ ni."
Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀gún.
Ọ́síjìn a fò wá, a bà lé e lára,
a gba díẹ̀ nínú iná ara rẹ̀, a dì í mọ́wọ́ pinpin;
iná tó kù a wá máa wọ́ rìn bí alárùn ẹsẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wà, jẹ́jẹ́.
Ìgbà tí olè bá dé,
ọ́síjìn yẹn gan-an lojú rẹ̀ máa wọ̀.
A já a gbà, a gbé e sá,
ohun tó wà lọ́wọ́ ọ́síjìn a bọ́ sílẹ̀,
iná a gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà,
iná a sáré,
agogo a han gooro!
Ọjọ́ gbogbo ni tolè.
Èyí, ibi tó ti ń ki ẹrù mọ́lẹ̀
ni ẹrù ti ké.

Kò pé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ o.
Ọ̀gbẹ́ni Valeriu ṣí ìgò ọtí èso kan lọ́jọ́ ìbí rẹ̀,
agogo fi igbe ta, gbogbo wọn sá bọ́ sí àgbàlá nínú òtútù,
ife lọ́wọ́.
Axenia tún un ṣe fún oṣù mẹ́jọ.
Ó wọ́n èérún fàdákà lé e, ó sun ún, ó dà á nù,
ó tún sun òmíràn,
títí ẹ̀gún fi mọ ọ̀mùtí yàtọ̀ sí apànìyàn.

Ó gbé e lọ sábúlé, ó so ó mọ́ ògiri,
lókè sítóòfù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata gbígbẹ.
Profira bi í pé eélòó ni iná tó ń jẹ.
Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n lóru, bí ìtọ̀ bá jí i,
a dúró díẹ̀ lábẹ́ ojú kékeré aláwọ̀ ewé náà,
a wò ó, a tún wò ó,
bóyá ó ti sùn.